Dókítà Alábọ́

Kóbọ́ọ̀tì ni mo fi gba oyè dókítà. Kì í ṣe dókítà tó ń gún ènìyàn lábẹ́rẹ́ o. Dókítà ìwé ni mí, ti ẹ̀ka kẹ́mísírì. Kóbọ́ọ̀tì jẹ́ irin kan tí kì í sábà wà lẹ́nu àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ènìyàn má tí ì fojú rí iṣẹ́ rẹ̀. Búlúù tó jinlẹ̀ bí aró, tí a máa ń rí lára ìgò àti lára abọ́, òun ni. Bí a bá pò ó mọ́ kẹ́míkà mìíràn, ó lè di pupa rẹ́súrẹ́sú, ó lè di àwọ̀ ewé. Ọdún gbọọrọ ni mo fi ń ṣe irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ ní láàbù wa ní Yábà, tí mò ń yan wọ́n lórí iná, tí mò ń wọ̀n wọ́n, tí mo sì ń kó wọn sínú àwọn ìgò tí kò ju àtàǹpàkò lọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni ọ̀kan tó mọ ojú ọjọ́. Bí mo bá rẹ bébà sínú omi rẹ̀ tí mo sì sá a gbẹ, bébà náà á di búlúù. Bí ọ̀rinrin bá kàn án, á di pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Mo lẹ ọ̀kan mọ́ ògiri lókè tábìlì mi. Nígbà òjò, pupa ni. Bí ọyẹ́ bá dé, ó di búlúù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á yọjú lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó lọ sá aṣọ wọn: "Mà, ṣé òjò máa rọ̀?"

Ìyá mi ń ránṣọ ní Mushin. Máṣíìnì rẹ̀ ló rán mi dé yunifásítì. Ó wá wò mí ní láàbù lọ́jọ́ kan, ó gbé ìgò kan sókè síbi fèrèsé, ó ń yí i síhìn-ín, ó ń yí i sọ́hùn-ún.

"Búlúù yìí mà dára o. Ṣé o lè fi pa léèsì láró? Oníbàárà mi kan ń wá irú ẹ̀."

"Kò ní mú aṣọ, Màámi. Á ṣí."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ó ṣáà dára lójú."

Ó rọra gbé e padà sáàyè rẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá rán aṣọ pé ọmọ òun ń se àwọ̀ ní Yábà, àwọ̀ tí ẹnì kan ò sè rí.

Purofẹ́sọ̀ tó tọ́ mi dé ìdí oyè náà, tí mo máa ń pè ní Ọ̀gá mi, jẹ́ ènìyàn gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í gbé ohùn sókè. Ó gbà pé iṣẹ́ tó dára ni èyí tó mọ́, tó kéré, tó sì ṣe rẹ́gí. Ó máa ń sọ pé kẹ́mísírì gidi kì í kún ọwọ́. Ó ń retí pé kí n máa bá ìgò kéékèèké wọ̀nyẹn lọ títí èmi náà yóò fi di purofẹ́sọ̀.

Ìgbà náà ni ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, tí gbogbo wa mọ̀ sí Sáàpù, dé. Náírà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Ìwé ìmọ̀ tó máa ń ti òkè òkun wá kò wá mọ́. Bí a bá béèrè fún kẹ́míkà, ọdún á yípo kí a tó gbọ́ pé kò sí. Obìnrin tí èmi àti òun jọ ń lo ọ́fíìsì kó ẹrù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ sókè òkun. Ó fi àga rẹ̀ àti ẹ̀wù funfun rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Èmi jókòó síwájú àwọn ìgò òfìfo, mò ń ro ohun tí mo máa fi ọwọ́ mi ṣe.

Àárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, ọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó so táì, ó sì gbá ẹrù kan tó fi ìwé ìròyìn wé mọ́ra.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Akọ̀wé yín ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa kóbọ́ọ̀tì."

"Èmi ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Ó tú ẹrù náà sórí tábìlì mi. Abọ́ tánganran méjì ni, irú èyí tí wọ́n máa ń tò jọ fún ìyàwó, tó ní òdòdó lára. Ó ní òun ni máníjà ilé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú tó ń ṣe abọ́, tíréè, ife àti bàsíà. Inú abọ́ bẹ́ẹ̀, irin pẹlẹbẹ ni. Ara rẹ̀ lókè, gíláàsì ni. Wọ́n á lọ èérún gíláàsì pẹ̀lú omi àti amọ̀ títí yóò fi ki bí ògì, wọ́n á ri abọ́ irin bọ̀ ọ́, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á sì tì í bọ inú ìléru. Gíláàsì á yọ́, á sì di ẹ̀wù fún irin.

Ó tọ́ka sí abọ́ àkọ́kọ́. "Èyí, ti tẹ́lẹ̀ ni. Òkè òkun la ti ń ra èérún gíláàsì rẹ̀. Agbára wa ò ká a mọ́." Ó gbé èkejì. "Èyí, àwa fúnra wa la gbìyànjú ẹ̀."

Abọ́ kejì ti sán káàkiri bí ilẹ̀ ẹrẹ̀ tí oòrùn pa. Bó ṣe gbé e kalẹ̀, díẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀ sórí ìwé mi.

"Òṣìṣẹ́ wa pọ̀, mà. Bí a ò bá rí nǹkan ṣe sí i, a máa ti ilẹ̀kùn ni. Mo ti dé ibi púpọ̀. Wọ́n ní abọ́ kì í ṣe iṣẹ́ àwọn."

"Kí ló wá mú yín béèrè ẹni tó mọ kóbọ́ọ̀tì?"

"Àwọn òyìnbó tó dá ilé iṣẹ́ wa sílẹ̀ sọ fún wa nígbà náà pé láìsí kóbọ́ọ̀tì nínú àwọ̀ ìsàlẹ̀, èyí tó kọ́kọ́ kan irin, gíláàsì kò ní di irin mú."

Mo wo abọ́ náà, ojú tì mí díẹ̀, inú mi sì dùn púpọ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi ń pe orúkọ kóbọ́ọ̀tì, mi ò mọ̀ pé òun ló ń so gíláàsì mọ́ irin nínú ilé ìdáná wa ní Mushin.

"Ẹ fi méjèèjì sílẹ̀ fún mi, sà," ni mo wí.

Nígbà tí mo sọ fún Ọ̀gá mi, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

"Abọ́?"

"Abọ́ ni, sà."

"Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́, abọ́ ló fẹ́ máa ṣe. Ta ni yóò tẹ̀ ẹ́ jáde fún ọ? Ta ni yóò gbé ọ ga lórí abọ́?"

"Sà, kẹ́mísírì tó wà nínú ẹ̀ pọ̀. Ohun tó wà láàrin gíláàsì àti irin yẹn, kò tí ì yé àwọn òyìnbó fúnra wọn tán."

Ó gbé gíláàsì rẹ̀ padà sójú. Ọ̀rọ̀ náà tàn káàkiri ẹ̀ka wa, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti sọ mí ní Dókítà Alábọ́. Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi. Olùkọ́ ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní jiọ́gíráfì ní Sùúrùlérè, ilé wa kò sì jìnnà sí Ojú Ẹlẹ́gbà.

"Alábọ́ dára ju aláìníṣẹ́ lọ," ló wí, ó sì ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Yanrìn funfun wà nílẹ̀ wa, òkúta kan tó máa ń yọ́ di gíláàsì wà lápá Abẹ́òkúta, amọ̀ wà níbi gbogbo. Bórásì, iyọ̀ funfun tó ń mú yanrìn tètè yọ́, ni mi ò rí nílẹ̀ yìí. Òun àti kóbọ́ọ̀tì ṣì ń ti òkè òkun wá, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni a nílò wọn, máníjà sì lè rà wọ́n. Mo máa ń po gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo máa ń yọ́ ọ nínú ìléru kékeré wa títí yóò fi máa ṣàn bí oyin, mo sì máa ń dà á sínú bàkẹ́ẹ̀tì omi. Á pariwo ṣàà, á fọ́ sí wẹ́wẹ́. Èérún gíláàsì nìyẹn. Bí wọ́n bá mú iná lọ lásìkò tó ń yọ́, a jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ti dì mọ́ ìkòkò, ìkòkò náà ti bàjẹ́, ó di ọjọ́ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ sísán kò pẹ́ yé mi. Bí abọ́ bá ti inú iná bọ́ sí ìta, irin ń sún kì, gíláàsì ń sún kì. Bí gíláàsì bá sún kì ju irin lọ, aṣọ ti kéré ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ nìyẹn, ó gbọ́dọ̀ ya. Iṣẹ́ aṣọ ìyá mi ni mo fi ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Mo dín sódà, iyọ̀ tó ń mú gíláàsì sún kì púpọ̀, kù, mo fi yanrìn àti òkúta Abẹ́òkúta kún un, mo ń wọ̀n, mo ń yọ́, mo ń sun, títí ọjọ́ kan tí abọ́ búlúù kan fi tutù tán níwájú mi tí kò sán. Mo fi ẹ̀yìn ṣíbí gbá a. Ó dún gbọnrangandan.

Ṣùgbọ́n abọ́ búlúù kò tà. Búlúù yẹn, àwọ̀ ìsàlẹ̀ lásán ni. Funfun ni gbogbo ènìyàn ń fẹ́ lókè, kí òdòdó lè hàn lára rẹ̀. Ìyẹ̀fun tó ń sọ gíláàsì di funfun, òkè òkun ni òun náà ti ń wá, owó rẹ̀ sì ju ti bórásì lọ fíìfíì. Mo wá rántí pé níbi tí wọ́n ti ń wa irin funfun ní Jọ́ọ̀sì, irin tí Bíbélì wa fúnra rẹ̀ ń pè ní tánganran, yanrìn wúwo kan wà tí wọ́n máa ń dà nù. Sákọ́ọ̀nù lorúkọ rẹ̀. Mo ti kà á pé bí a bá lọ̀ ọ́ kúnná, ó lè ṣe iṣẹ́ ìyẹ̀fun olówó ńlá yẹn. Ẹnì kan tí a jọ kàwé tó ń ṣiṣẹ́ ní Jọ́ọ̀sì bá mi kó o sínú àpò, ó sì fi í ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní Jíbówú.

Mo lọ gbà á. Kọ̀ndọ́ àti dẹ́rẹ́bà ló jọ gbé àpò náà sílẹ̀, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Àǹtí, kí lẹ dì síbí? Irin ni?"

"Yanrìn ni."

Kọ̀ndọ́ ki ọwọ́ bọ ẹnu àpò, ó bu díẹ̀. Ó wo dẹ́rẹ́bà, ó wo èmi.

"Yanrìn gidi ni o! Àǹtí, ṣé yanrìn ti tán l'Ékòó ni? Ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Bar Beach, ọ̀fẹ́ ni!"

Gbogbo páàkì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì san owó alábàárù tó bá mi gbé e dé ìdí táksí.

Abọ́ àkọ́kọ́ tí mo fi yanrìn Jọ́ọ̀sì sun kò funfun. Ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ògì àgbàdo pupa. Ìpẹtà irin ló wà lára yanrìn náà. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ oníkẹ́mísírì gidi ni. Mo da ásíìdì lé yanrìn náà lórí, mo gbé e kaná pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, omi orí rẹ̀ sì yí padà di pupa rúsúrúsú bí omi tí wọ́n fi se èèpo igi. Mo dà á nù, mo tún da òmíràn sí i. Nígbà tí omi náà mọ́ kedere, mo fọ yanrìn, mo sá a, mo ní kí wọ́n lọ̀ ọ́ títí ó fi kúnná bí èlùbọ́. Abọ́ tó jáde lẹ́yìn èyí funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gá mi, mo gbé e sórí tábìlì rẹ̀. Ó wò ó, ó fi ìka tọ́ ọ.

"Sákọ́ọ̀nù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Báwo lo ṣe yọ irin kúrò?"

Mo ṣàlàyé. Ó bi mí bí ásíìdì náà ṣe le tó, ó bi mí bí mo ṣe mọ̀ pé irin náà ti tán. Kò yìn mí, ṣùgbọ́n kò dárúkọ abọ́ mọ́. Sákọ́ọ̀nù ló ń sọ. Mo mọ ẹni tó jẹ́. Inú mi dùn jáde.

A gbé e lọ sí Ìlúpéjú láti fi ìléru ńlá wọn ṣe é. Oṣù òjò ni. Lọ́jọ́ tí ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ jáde, àwọn òṣìṣẹ́ dúró yí ẹnu ìléru ká, bí abọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń tutù ni funfun rẹ̀ ń yọ. Máníjà bọ́ táì rẹ̀, ó ń fì í lókè bí ọmọdé, ó ní, "Tiwa ni! Tiwa ni!" Wọ́n to abọ́ náà sílẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Mo sùn lọ́jọ́ náà bí ẹni tó bímọ láyọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọlé, mo bá gbogbo wọn ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Mo fẹ́ kí wọn, máníjà fi ọwọ́ sẹ́nu, ó ní kí n tẹ́tí.

Tá.

Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà, láti apá ibòmíràn: tá. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń fi eyín pa ẹ̀gúsí. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé abọ́ kan. Gíláàsì ti bọ́ lára rẹ̀ ní wẹ́wẹ́, gbogbo rẹ̀ rí bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, bí ìpẹ́ ẹja. Abọ́ tí ẹnì kan kò fọwọ́ kàn ń bó fúnra rẹ̀.

"Dókítà," máníjà ní, "kí la ṣe?"

"Mi ò tí ì mọ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí n mú díẹ̀ lọ."

"Alága ilé iṣẹ́ wa àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ti gbọ́ pé ó jáde dáadáa lánàá. Wọ́n ń bọ̀ wá wò ó."

"Ẹ sọ fún wọn pé ó kù díẹ̀. Ẹ má sọ pé kò ṣeé ṣe. Ó kù díẹ̀."

Mo rò ó ní gbogbo ọ̀nà títí mo fi délé, mo tún rò ó nídìí ìkòkò ọbẹ̀. Abọ́ tí mo sun ní láàbù kò bó. Gíláàsì kan náà ni, irin kan náà ni. Kí ló wà ní Ìlúpéjú tí kò sí ní Yábà? Ọkọ mi ló ń ráhùn lẹ́yìn mi pé ṣòkòtò tí òun sá sí ẹ̀yìnkùlé láti àná kò gbẹ. Mo yí padà, mo wò ó, bí ẹni pé òun ló mú èsì náà wá. Ọ̀rinrin ni!

Mo mọ ohun tí ìwé sọ nípa rẹ̀. Irin tó bá gbóná gan-an máa ń fọ́ omi sí wẹ́wẹ́, á sì gbé atẹ́gùn tó fúyẹ́ jù lọ láyé, háídírójìn, mì sínú ara rẹ̀. Bó bá tutù, kò lè gbà á mọ́ra mọ́. Atẹ́gùn náà á máa wá ọ̀nà jáde, gíláàsì á sì dí i mọ́lẹ̀, títí yóò fi fi agbára já jáde. Bí omi kò bá sí lára abọ́ nígbà tó ń wọ iná, irin kò ní rí nǹkan gbé mì.

Ní òwúrọ̀, mo já bébà ara ògiri mi, mo gé òmíràn mọ́ ọn, mo fi ooru iná mú gbogbo wọn gbẹ títí wọ́n fi di búlúù, mo dì wọ́n sínú ike, mo sì gba Ìlúpéjú lọ. Yàrá kan wà tí wọ́n ti ń fi ooru mú abọ́ gbẹ kí wọ́n tó sun ún. Wọ́n ti dí gbogbo fèrèsé rẹ̀ nítorí eruku. Mo so bébà kọ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ní kí wọ́n kó abọ́ rírin wọlé, kí wọ́n ṣe bí wọ́n ti máa ń ṣe. Nígbà tí wọ́n ní abọ́ ti gbẹ, ó tó sun, èmi àti máníjà wọlé. Gbogbo bébà náà ti pọ́n.

"Kí ni ìtumọ̀ ẹ̀?" ó bi mí.

"Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé abọ́ yín kò gbẹ, sà. Ojú ẹ̀ ló gbẹ. Yàrá yìí gbóná, ṣùgbọ́n omi tó jáde lára abọ́ kò ríbi gbà lọ. Amọ̀ tí èmi náà sì fi sí i, ó ń di omi mú ju ti òkè òkun lọ. Èmi á dín amọ̀ kù. Ẹ̀yin, ẹ ṣí fèrèsé."

"Eruku ńkọ́?"

"Ẹ fi aṣọ asẹ́ bò ó. Ẹ gbé fáànù síbẹ̀."

Wọ́n ṣe é. Mo kó bébà tuntun sílẹ̀ fún wọn, a sì fòfin dè é pé abọ́ kankan kò gbọ́dọ̀ wọ iná títí bébà yóò fi di búlúù. Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ di orin. Ẹni tó wà ní yàrá gbígbẹ á yọjú, á kígbe: "Ó ti di aró o!" Àwọn tó wà nídìí ìléru á dáhùn: "Ẹ gbé e wá!" Ọ̀wọ́ tó jáde lẹ́yìn náà sùn síbẹ̀ mọ́jú, ó tún mọ́jú, òjò sì ń rọ̀ lójoojúmọ́. Mo dúró láàrin wọn láàárọ̀, mo tẹ́tí títí. Kò sí ohun tó dún. Máníjà jókòó sórí àpótí, ó fi áńkáṣíìfù nu ojú, ó ní ooru ló mú òun.

Alága wọn àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ wá, wọ́n wò ó, wọ́n sì ní kí iṣẹ́ máa lọ. Kò sí òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nídìí ìléru yẹn lọ́dún náà.

Bàsíà kan àti abọ́ kan ni mo gbé lọ fún ìyá mi. Ó gbé abọ́ náà lọ sídìí kànga, ó fi eérú àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ bó o láwọ̀, ó tún gbé e síta gbangba, ó ń wò ó lójú oòrùn.

"Kò ṣí," ló wí.

"Kò lè ṣí, Màámi."

"Ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi àti àwọn ènìyàn púpọ̀."

"Mo gbọ́. Ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi ni, Màámi."

Ó kígbe pe àwọn tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní kí wọ́n pa máṣíìnì tì, kí wọ́n wá wo ohun tí ọmọ òun ṣe. Mo dúró níbẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó gba ẹ̀bùn, mi ò sì dá a lẹ́kun. Ó yẹ kí n sọ pé mo fi ọwọ́ bo ojú, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Ó wù mí kí wọ́n wò ó pẹ́.

Nígbà tí mo ka iṣẹ́ náà níwájú àwọn oníkẹ́mísírì ní ìpàdé wa, gbọ̀ngàn kún. Mo ti mọ̀ pé wọ́n máa yọ ṣùtì sí mi. Ẹnì kan láti yunifásítì mìíràn dìde, ó ní ṣé iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ kọ́ nìyí, kí ni tuntun tó wà nínú rẹ̀. Kí n tó la ẹnu, Ọ̀gá mi ti dìde ní ìjókòó iwájú. Kò gbé ohùn rẹ̀ sókè, gbogbo gbọ̀ngàn sì dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ.

"Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí," ló wí. "Mo ti lọ sí Ìlúpéjú láìsọ fún dókítà yìí. Mo ti wo ìléru náà, mo ti wo èsì rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàrin gíláàsì àti irin yẹn, èmi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ bíi tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó parí, kí ẹ tó béèrè ohun tó jẹ́ tuntun. Kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo kọ́ ọ."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo ṣáà ń wo bébà ọwọ́ mi kí omi má bàa bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo tún ọ̀rọ̀ mi bẹ̀rẹ̀, ohùn mi ti yí padà; mo sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nílé ara rẹ̀. Ìwé ìmọ̀ kan lókè òkun tẹ iṣẹ́ náà jáde, yunifásítì kan lọ́hùn-ún sì kọ̀wé pé kí n wá máa bá àwọn ṣiṣẹ́. Èmi àti ọkọ mi jókòó, a rò ó síwá, a rò ó sẹ́yìn. Mo lọ fún ìwọ̀nba oṣù, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ tí a kò ní, mo sì padà. Àwọn kan sọ pé orí mi kò pé. Mo mọ ohun tí mo fi sílẹ̀ sílé. Wọn kò ní yanrìn Jọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún.

Abọ́ tánganran kò jọba títí láé. Ike dé, ó pọ̀, kò wọ́n, kò wúwo, ilé iṣẹ́ náà sì yí padà sí ojú sítóòfù àti pátákó ojú títì, èyí tí ike kò lè ṣe. Ìmọ̀ kan náà ni; bébà búlúù ṣì wà ní yàrá gbígbẹ wọn. Ní Yábà, a kúrò lórí abọ́, a bọ́ sórí táìlì, a bọ́ sórí bíríkì tí iná kì í jẹ. Ìyanṣẹ́lódì ń dé, ó ń lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń padà, èmi ń ṣí láàbù. Wọ́n sọ mí di purofẹ́sọ̀ lọ́dún tí ìyá mi pa máṣíìnì rẹ̀ tì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí àwọn máa pè mí ní Purofẹ́sọ̀ Alábọ́ nígbà náà. Mo ní rárá, kí wọ́n fi Dókítà Alábọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí mo fi iná wá ni.

Obìnrin tó kọ́kọ́ gba oyè dókítà lábẹ́ mi, Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, Mushin ni wọ́n bí òun sí bí wọ́n ṣe bí èmi náà síbẹ̀. Bíríkì ìléru ló fi ṣe tirẹ̀, amọ̀ ilẹ̀ wa ló sì fi mọ ọ́n. Lọ́jọ́ ìdánwò rẹ̀, àwọn àgbà márùn-ún ló jókòó tì í. Mo jókòó ní ẹ̀yìn, òfin ni pé n kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n bi í ní ìbéèrè kan tó le, tí èmi fúnra mi ní láti ronú sí. Ó fa pátákó ìkọ̀wé mọ́ra, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó sì kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àgbà tó béèrè náà wo ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó mi orí. Inú mi wú, ó wú ju ọjọ́ tèmi lọ.

Wọ́n ní ká jáde, lẹ́yìn náà wọ́n ní ká wọlé. "Ẹ kú oríire, Dókítà," ni wọ́n sọ fún un. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó yí sọ́dọ̀ mi, ó tún fẹ́ kúnlẹ̀. Mo dì í mú lápá.

"Dìde, Dókítà. Àwọn ará ilé rẹ ń dúró dè ọ́ níta. Wọ́n gbé mínírà àti bisikíìtì wá."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mò ń bọ̀," ló wí, ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì rẹ̀. "Bíríkì kan wà nínú ìléru. Iná ṣì wà. Kí n yọ ọ́ kí wọ́n tó mú iná lọ."

Ó fi bàtà gogoro rẹ̀ sáré gba kọ́rídọ̀ lọ, èmi sì jáde lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀.